Kọfí Tí Ìyá Àgbà Gbìn

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Ìdímù, ilé wa nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ti ń gún kọfí nínú odó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí pé ohunkóhun tó bá ti gbóná, tí a fi mílíìkì àti ṣúgà sí, tíì là ń pè é. Bàbá mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà ló ti ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní jọ́ọ̀gì gíláàsì kan tó ní ọ̀pá lórí, èyí tí a fi ń ti asẹ́ wálẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí lè dúró sísàlẹ̀.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, èmi ni mo máa ń yan hóró kọfí nínú páànù títí òórùn rẹ̀ á fi gba gbogbo fàràndà, màá wá gún un. Kò gbọdọ̀ kúná bí èlùbọ́. Bíi gàrí ló gbọ́dọ̀ rí. Tí omi bá hó, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. “Omi tó ń hó yaya, ti ẹ̀bà ni,” bàbá mi á wí. A ó dà á sórí kọfí, a ó rò ó, a ó dé e, màá sì máa wo aago ògiri fún ìṣẹ́jú mẹ́rin bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Ìyá bàbá mi, Ìyá Àgbà, ló ń fi kọfí náà ránṣẹ́ láti abúlé rẹ̀ nítòsí Kábbà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín, owó rẹ̀ ni wọ́n fi rán bàbá mi nílé ìwé. Ṣùgbọ́n àpò-àpò ni wọ́n ń tà á. Ìyá Àgbà kò tọ́ ọ wò rí.

Nígbà tó wá kí wa, bàbá mi ní èmi ni n óò po kọfí àkọ́kọ́ tí ìyá òun máa mu. Orí mi wú. Àmọ́ ọ̀lẹ ni mí, mi ò ní purọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣeré tẹn-tẹn níta, ọmọ odó sì ti bó mi lọ́wọ́. Ni mo bá gbé hóró kọfí lọ sọ́dọ̀ Ìyá Súlíyà, tó ní ẹ̀rọ tó ń lọ ata gbígbẹ lẹ́yìn ilé wa. Kíá, ó ti kúná.

Ọ̀pá jọ́ọ̀gì kọ̀, kò lọ sílẹ̀. Mo fi gbogbo ara tì í, kọfí sì fọ́n sórí aṣọ tábìlì. Mo da èyí tó kù fún Ìyá Àgbà. Ẹnu kan péré ló mu tí ikọ́ fi gbé e.

“Ata!” ló wí nígbà tó rí èémí mí. “Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóko láti ìgbà èwe mi?”

Bàbá mi tọ́ ọ wò, ó wá wò mí. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Ìtìjú dùn mí ju orúnkún lọ, torí mo ti ba ọjọ́ ìyá náà jẹ́. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún mi.

“Jẹ́ ó dìde, jàre. Èmi ni n ó bá a gún un.”

Ó gún òmíràn, mo wo aago. Ọ̀pá lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyá Àgbà mu ún. Ó tún mu ún. “Ó korò, ó sì dùn,” ló wí. Ó gbé ife kalẹ̀, ó kọjú sí bàbá mi. “Bàbá rẹ gbin èyí títí ó fi kú. Kò tọ́ ọ wò.”

Bàbá mi bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, a ò sì rí i fún ìgbà díẹ̀.

Ìgandò ni mò ń gbé báyìí. Ẹ̀rọ oníná ló ń lọ kọfí mi, àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì ń bomi gbígbóná sí oníyẹ̀fun inú ike, wọ́n á ní ó ti tó. Mi ò bá wọn jà. Ayé wọn rọrùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi ló ń dá oko náà. Lọ́dọọdún, tí ìkórè bá dé, mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ po kọfí fún àwọn tó ń ká a. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko wa lónìí tí kò tíì mu ún.