Dọ̀ǹkùwá Eléyín Òkè

Eyín òkè ni mo kọ́kọ́ hù nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Ní Parakou láyé ìgbà náà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè gbé e fún ẹlòmíràn tọ́. Ará Ṣábẹ̀ ni wá ní tiwa, ṣùgbọ́n a ti gbé ibẹ̀ pẹ́ débi pé ìbẹ̀rù ìlú ti di tiwa. Bàbá mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ òun ò ní lọ síbì kankan. Ìyá mi náà ò gbé mi fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó ń fi mí pamọ́. Ẹ̀yìnkùlé la máa ń gbà lọ sọ́jà. Bí àlejò bá dé, á ní kí n pa ẹnu dé. Inú máa ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi títí di òní.

Lọ́dún Kérésì kan, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira, àwọn ọmọ agboolé wa ní àdúgbò Banikanni fẹ́ ṣe fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àríyá Kàlẹ́tà. Kàlẹ́tà ni eré tí àwọn ọmọdé ti máa ń da páálí bojú bí iwin. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti apá etíkun ló kọ́ wa. Wọ́n ní kí kálukú mú ìpápánu tó ń bani lẹ́rù wá. Nígbà tó kàn mí, ọ̀gá wọn, ọmọ ìyáálé ilé wa, wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ má wulẹ̀ mú nǹkan kan wá. Ìwọ fúnra rẹ ti tó bani lẹ́rù.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó dáa, wọ́n á rí i.

Ìyá mi kì í jẹ́ kí n dáná bí kò bá sí nílé, nítorí náà mo wá ohun tí kò nílò iná. Mo ti rí bí obìnrin Haúsá kan ní Zongo, àdúgbò àwọn Haúsá, ṣe ń ṣe dọ̀ǹkùwá. Mo gba àgbàdo yíyan tó ti lọ̀ àti ẹ̀pà yíyan lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà wọ́n sódó pẹ̀lú ṣúgà, atalẹ̀ àti ata díẹ̀, mo gún un títí òróró ẹ̀pà fi yọ, tí gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Mo yí i ní roboto roboto bí orí èèyàn kéékèèké. Mo gé dàbínù fi ṣe ojú. Mo wá fi abẹ bẹ́ àgbọn wẹ́wẹ́, mo tò ó sí wọn lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí eyín, òkè nìkan. Ìsàlẹ̀ ṣófo. Wọ́n burẹ́wà, inú mi sì dùn.

Mo ti ṣe é dé ìdajì kí ìyá mi tó wọlé.

“Kí lèyí?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Yọ eyín yẹn kí wọ́n tó rí i.”

“Mi ò ní yọ ọ́.”

Mi ò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àpótí. Ó mú abẹ. Mo rò pé ó fẹ́ ha gbogbo eyín náà dànù ni. Àgbọn ló bẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to eyín sẹ́nu àwọn orí tó kù. Tirẹ̀ tiẹ̀ gùn ju tèmi lọ.

Òun ló ru àwo náà, ojúde la sì gbà. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn ọmọ Kàlẹ́tà yọjú wo inú àwo láti ẹ̀yìn páálí wọn. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Mo mú ọ̀kan, mo gé e jẹ, mo ń wò wọ́n lójú. Ọmọ ìyáálé bi mí bóyá ó dùn.

“Bó o bá ń bẹ̀rù, fi sílẹ̀.”

Ó ká páálí rẹ̀ sókè, ó ju ọ̀kan sẹ́nu.

Ni ìyá rẹ̀ bá já dé. Obìnrin tó máa ń gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí mo bá ń kọjá ni. Ó ké pé, “Tu ú dànù! Tu ú dànù, mo ní!” Ọmọ ti gbé e mì. Ìyáálé wo inú àwo, ó rí eyín.

“Ìyàwó, ta ló fi eyín sókè báyìí?”

Mo la ẹnu láti dáhùn. Ìyá mi fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn.

“Èmi ni, Ìyáálé. Èmi ni mo bí ọmọ yìí, èmi náà ni mo fi eyín sí dọ̀ǹkùwá rẹ̀, òkè ni mo sì fi í sí. Bó bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn yín.”

Ìyáálé yíjú, ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọmọ rẹ̀ ti mú èkejì.