Bàtà Yìnyín Ẹ̀gbọ́n Mi

"Ibi tí gbogbo ayé ń lọ, èmi kì í lọ síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn ní Sùúrùlérè láyé owó epo rọ̀bì, tó bá gbé bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín sórí tábìlì pálọ̀, tó ń wá abúlé òyìnbó tẹ́nìkan ò gbọ́ rí nínú máàpù. Ó máa ń rí mi lára.

Nígbà tí ìyá wa kú, tí a fẹ́ sin ín sí abúlé rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni àkọ́bí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè."

Ó ní, "Abúlé yẹn jìn jù. Ta ló tiẹ̀ mọ ibẹ̀?"

Èmi ni mo da yẹ̀pẹ̀. Kò pé oṣù kan, káàdì ẹ̀ dé láti orí òkè yìnyín: "Kò sí ọmọ Èkó kankan níbí àfi èmi!"

Ọwọ́ tí mo fi da yẹ̀pẹ̀ náà ni mo fi fa káàdì náà ya.