Náírà Mẹ́wàá Orí Ẹnu Alice

Ẹ̀yin ọmọ, ìtàn ń bọ̀ o.
Kó máa bọ̀, etí wa ṣí sílẹ̀.
Kò dá lórí ìjàpá, kò dá lórí ẹkùn.
Ta ló wá dá lé?

Ó dá lé Alice, obìnrin kan tí ó ń yan gàrí ní Ìkọ̀lé níbí, àti ọkùnrin tí ó ń ta ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀.

Ogún ọdún ni Alice fi gbé Kàdúná. Ibẹ̀ ló ti bí àwọn ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti mọ fíìmù Íńdíà, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í fi í ṣeré. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àpò kan àti ara rẹ̀ ló gbé wálé. Kò gbọ́ èdè Íńdíà o, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti wo fíìmù wọn débi pé bí ọkùnrin bá ṣe gbé ojú sókè lásán, Alice ti mọ̀ pé ìyá tó bí i ló rí, tí kò sì mọ̀ pé ìyá òun ni.

Nígbà náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Olúsọjí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé sinimá síbi tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan, jẹnẹrétọ̀ kan tí ń wúkọ́ bí arúgbó, bẹ́ǹṣì mẹ́jọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé, fíìmù Íńdíà ló ń fi hàn. Lọ́jọ́ tí Alice kọ́kọ́ wọlé, náírà mẹ́wàá ló san. Èdè fíìmù náà kò yé àwọn èèyàn, wọ́n ń wo ẹnu ara wọn. Alice ní, "Ẹ má bínú sí ìyàwó yìí. Wọ́n fi ọmọ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn ni." Gbogbo ilé yíjú sí i. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì iwájú di tirẹ̀. Bí ó ti ń wò ó ló ń sọ ọ́, bí ó ti ń sọ ọ́ ni àwọn èèyàn ń sunkún, tí wọ́n ń bú ọkọ burúkú. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Kàdúná. Kò pẹ́, owó ìwọlé di ogún. Alice rò pé epo ló wọ́n, ó ń san án bíi ti gbogbo ayé. Inú rẹ̀ ń dùn. Ohun tí iná kò rí jó ní Kàdúná nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ibà dá a dúbúlẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù tí wọ́n jọ ń yan gàrí wá kí i.

"Sátidé tí o ò wá yẹn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Àmọ́ ó rọ̀ wá lọ́rùn. Náírà mẹ́wàá la san."

"Kí ló dé? Epo wálẹ̀ ni?"

"Epo wo? Olúsọjí ní bí Ìyá Kàdúná kò bá sí, mẹ́wàá ni. Bí o bá wà, ogún. Owó ìtumọ̀ ló pè é. Èmi rò pé ó ń fún ọ níbẹ̀, mo tilẹ̀ ń jowú rẹ."

Alice dìde jókòó. Ibà náà kò ráyè mọ́.

"Wúlẹ̀mọ̀tù, ogún lèmi náà ń san. Mo ń san owó kí n tó gbọ́ ẹnu ara mi."

Wúlẹ̀mọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n pa adìẹ rẹ, wọ́n sè é, wọ́n tún wá tà á fún ọ."

Alice kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbọ̀nà ilé sinimá. Bí Olúsọjí ti rí i lókèèrè ló nu mẹ́wàá kúrò lára pátákó owó ìwọlé, tí ó fi ẹfun kọ ogún.

"Olúsọjí, báwo lo ṣe ń dá iye owó yìí?"

"Ìyá Kàdúná, ẹ káàbọ̀. Ara ti yá? Ẹ ẹ̀ rí i, epo ń gbówó, kásẹ́ẹ̀tì tí mò ń yá láti Adó ń gbówó, bẹ́ǹṣì náà ń dá. Mo pín in sórí àwọn tó ń wọlé, ó já sí mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá kejì ńkọ́?"

Ó họ orí. "Ìyẹn ni ti adùn."

"Adùn ta ni?"

"Màmá, ọlọ́jà ló ń dá iye ọjà. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹnu yín ló ń yún yín. Bí kò bá wù yín, ẹ dákẹ́."

Ẹ ò rí ìwọ̀sí? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ Alice. Ó ń ta ohun tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ó tún ń sọ fún ẹni tó gbìn ín pé ẹnu ló ń yún un. Alice kò bú u. Ó san ogún náírà rẹ̀, ó jókòó síwájú, ó sì pa ẹnu mọ́.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan dúró létí odò, ó ń sunkún. Arúgbó kan gbé ẹ̀gbà ọwọ́ kan fún un, ẹkún tún pọ̀ sí i.

"Ìyá Kàdúná, kí ló ṣe é?" Tájù télọ̀ ló bèèrè.

Alice ń wo iwájú. Ẹnì kan ní ọkọ obìnrin náà ló kú, ẹlòmíràn ní baba rẹ̀ ni arúgbó yẹn, ariwo sọ.

Tájù yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Olúsọjí, àwa san owó ìtumọ̀. Ìtumọ̀ dà?"

"Ẹ bi Ìyá Kàdúná."

"Ṣé òun la san án fún ni? Ìyá, èló ló ń fún yín?"

Alice ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọhùn. "Èmi ni mò ń fún un. Ogún, bíi tiyín."

Bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Tájù dìde, Wúlẹ̀mọ̀tù dìde, gbogbo wọn nawọ́ sí Olúsọjí.

"Ẹni tí kò ṣe uṣẹ́ kì í gba owó uṣẹ́," ni Tájù wí. "Kó mẹ́wàá mẹ́wàá wa wá."

Olúsọjí wo Alice, bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Alice na ọwọ́ tirẹ̀ náà. Olúsọjí dá owó náà padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ tún mẹ́wàá kọ sára pátákó.

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó, Alice wúkọ́ díẹ̀.

"Ọkọ rẹ̀ kò kú," ni ó wí. "Ẹ̀gbà yẹn, arúgbó náà ló jí i. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Ọ̀fẹ́ ló ń sọ ọ́. Oore tirẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó tún dá iye lé e.

Ẹ má bi mí bóyá Olúsọjí tọrọ àforíjì. Kò tọrọ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní yín, kí oorun wá gbà yín lọ́wọ́ mi.