Kọfí Ìyá Sùfíyànù

Títí di òní, bí Arwa bá ń ka oore tí Ọlọ́run ṣe fún un, ife kọfí kan wà níbẹ̀. Lábúlé wa, bí àlejò bá gba kọfí tó gbé e kalẹ̀ láìmu, ẹ̀bẹ̀ ló bá wá, onílé sì gbọ́dọ̀ tètè sọ pé, "Ẹ mu kọfí yín, ohun tẹ́ ẹ wá bẹ̀ ti di ṣíṣe." Ẹni tó bá jẹ́ kí kọfí ọ̀hún tutù, kò ní gbádùn ẹnu ará abúlé títí ayé.

Fíìmù ni Arwa ń ṣe, ti àwọn tí wọ́n ń gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Á tún kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn jọ, á pàtẹ rẹ̀ níbi tí ayé á ti rí i. Lọ́dún yẹn, ó gbá ilé àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ti ń fún òróró ólífì mọ́, ilé tó ti di ti àdán, ó ní inú ẹ̀ lòun á ti pàtẹ aṣọ oníṣẹ́-abẹ́rẹ́ àwọn ìyá wa, tí òun á sì ti fi fíìmù tuntun han ará ilé kó tó gbé e lọ sókè òkun. Ìyá Sùfíyànù ló wà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ṣọ́jà tó ń gba ilẹ̀ wa fi katapílà wó igi ólífì ìyá arúgbó náà, ó gbá kùkùté kan mọ́ra, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ẹkún yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ gba fíìmù náà sí àjọ̀dún fíìmù ńlá kan lókè òkun, Arwa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpàtẹ kù díẹ̀ nígbà tí Ìyá Sùfíyànù wọ ilé Arwa láàárọ̀, nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Nàímà, ìyá Arwa, gbé kọfí wá. Ìyá gbà á, ó gbé e kalẹ̀, ó káwọ́ lé itan.

"Ẹ mu kọfí yín," ni Nàímà wí kíá. "Ohun tẹ́ ẹ wá bẹ̀ ti di ṣíṣe."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa? Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni, ẹ mú un. Bó bá jẹ́ ọkọ mi ni, ẹ mú òun náà lọ, ẹ ò ṣáà gbọdọ̀ dá a padà."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó mu kọfí náà tán. Ó wá kọjú sí Arwa. "Ọmọ mi, bá mi yọ ẹkún mi kúrò nínú fíìmù ẹ."

 Arwa wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wo ìdí ife. Ẹyin lohùn, ó sì ti balẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá yọ ọ́, wọn ò ní gbà á lókè òkun mọ́."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo sunkún yẹn, ṣọ́jà kan ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé o wá fẹ́ kí gbogbo ayé jókòó síbi tí ọmọ yẹn dúró sí, kí wọ́n máa wò mí ni? Ẹkún nìkan kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n sun. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún odi òkúta oko mọ. Mo mọ èébú bú, gbogbo abúlé ló mọ̀."

Nígbà tí Ìyá lọ tán, Arwa fìbínú kọjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó gbà."

"Ta ló ń bi àgbà léèrè kó tó ní kó mu kọfí? Ṣé ilé ahun nilé yìí ni?"

Arwa yọ ẹkún náà. Àwọn ará òkè òkun kọ̀wé pé àwọn ò gba fíìmù náà mọ́, òun náà sì tilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, ó sun ẹkún tirẹ̀. Nígbà tó nujú tán, ó gbé kámẹ́rà, ó tẹ̀ lé ìyá arúgbó náà lọ sóko.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàtẹ, ilé òróró kún débi pé àwọn ọkùnrin ń nàró. Aṣọ àwọn ìyá wà lára ògiri, kálukú ń fọwọ́ tọ́ka sí ti ìyá tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti fèrèsé pa, fíìmù bẹ̀rẹ̀: Ìyá Sùfíyànù ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru òkúta. "Rìn jàre," ló ń wí. "O lọ́ra bí ìyàwó Sùfíyànù."

"Ìyá, mo wà níbí o," ni ìyàwó Sùfíyànù wí láti ẹ̀yìn, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni kùkùté ọjọ́sí hàn. Ó ti rúwé, Ìyá sì ń bomi rin ín díẹ̀díẹ̀.  Arwa gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú nínú òkùnkùn, ó bojú wẹ̀yìn: Ìyá Sùfíyànù ni, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọwọ́ Arwa lọ síbi kámẹ́rà tó fi kọ́ ọrùn. Ó bọ́ ọ, ó tì í sábẹ́ àga, ó sì lọ jókòó ti ìyá náà.

"Má yà mí o."

"Mi ò yà yín, Ìyá."

"Ọpẹ́ ni mò ń dá. Àárín àwọn èèyàn mi ni mo wà, kò sí ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín. O ṣeun, ọmọ mi."

Láti ọdún tí Arwa ti ń ṣe fíìmù, kò tíì sí ẹni tó wà nínú ẹ̀ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń dúpẹ́ lọ́kàn pé ẹnu ìyá òun ti yá ju tòun lọ láàárọ̀ ọjọ́ kọfí yẹn.

Nàímà gbé kọfí kiri, ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Arwa gba ife rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Ìyá Sùfíyànù, ó káwọ́ lé itan.

Ìyá nujú, ó wo ife, ó wo Arwa. "Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ bá yín lọ sóko lọ́la. Mi ò ní mú kámẹ́rà."

"Mu kọfí ẹ," ni Ìyá wí. "Òkúta lo máa rù."