Kílínátà, Ọṣẹ Tí Kò Sí

Nígbà tó ku iṣẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo kí n jáde ní yunifásítì, mo pinnu láti mọ bí ìpolówó orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ń darí àwọn ará Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12 tí wọ́n bá fẹ́ ra ọṣẹ ìfọṣọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Kétu ni ilé wa wà, owó ọkọ̀ ò ní pọ̀, màámi sì ń ta ọṣẹ. Ohun tí mo kọ sí orí kìíní iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi jẹ́ ọkùnrin kan tí kì í gbójú sókè tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀pà ló máa ń jẹ, á sì máa fẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò lórí ìwé wa. Ó ka ìwé ìbéèrè mi tán, ó ní ó dára, àmọ́ ó ku ohun kan. Ó ní àwọn èèyàn máa ń purọ́ fún ẹni tó bá gbé ìwé ìbéèrè dání. Kí n wá orúkọ ọṣẹ kan tí kò sí láyé yìí, kí n tì í bọ àárín àwọn ọṣẹ gidi tí mo tò síbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ọṣẹ yẹn, irọ́ ló ń pa, kí n yọ ìwé rẹ̀ kúrò. Tí irú wọn bá wá pọ̀ ju àwọn olóòótọ́ lọ, gbogbo iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó jáde. Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé pańpẹ́ wà nínú ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń wá bàtà funfun tí wọn yóò wọ̀ lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Màámi ní tiwọn ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ àwọn ń jáde lọ́dún yìí, títí kan àwọn tó kàn wá ra ìṣáná.

Ojú ọ̀nà ibi tí mo ti fẹ́ lọ tẹ ìwé náà ni mo ti sọ ọṣẹ mi lórúkọ. Mo pè é ní Kílínátà. Inú mi dùn sí orúkọ náà, ó dún bí ohun tó lè hó.

Ṣọ́ọ̀bù màámi wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìkòsì. Wọ́n ń ta mílíìkì, wọ́n ń ta ṣúgà, ṣùgbọ́n ọṣẹ ni wọ́n fi ń yangàn. Kò sí ọṣẹ tó wọ Kétu tí wọn kò mọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ tẹ ọ̀rá ọṣẹ lásán, wọ́n á sọ bóyá ayédèrú ni. Tí ọṣẹ tuntun bá dé, gèlè tiwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi í fọ̀ kí wọ́n tó tà á fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, iye rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń pè. Èyí tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní, "Ó ń hó dáadáa, kì í jẹ ọwọ́." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ti há sí mi lórí bí orin ilé ìwé.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo pín ìwé ìbéèrè mi kiri. Mo fún àwọn aládùúgbò, mo fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ìyá ìjọ wa, mo sì kó díẹ̀ dé Máìlì 12. Mo ní màá padà wá gbà á ní Àbámẹ́ta. Ìwé kan kù, mo gbé e fún màámi. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n tún padà sókè.

"Ṣé o ti ka ìwé yìí wò dáadáa?"

Mo ní mo ti kà á. Wọ́n bi mí bóyá ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ náà kà á. Mo wá fi ohùn tí ilé ìwé gíga máa ń fúnni dá wọn lóhùn, pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni, olùkọ́ mi ti rí i, kí wọ́n ṣáà máa fàmì sí èyí tó bá kàn wọ́n. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n ní ó dáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ní Àbámẹ́ta, ọ̀dọ̀ Aunty tó ń ránṣọ níwájú ilé wa ni mo kọ́kọ́ yà. Wọ́n ti fàmì sí Kílínátà. Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n ní orí rédíò ni, ti àárọ̀. Ìyá onílé wa, tí wọn kò tíì fọ aṣọ fúnra wọn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, kọ ọ́ pé ọṣẹ náà nìkan ló ń yọ àbàwọ́n epo pupa. Bàbá fọkanáísà, tó jẹ́ pé kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ ọwọ́, ní kò sí irú rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ mọ Kílínátà ju àwọn ọṣẹ tó wà nílé wọn lọ. Mẹ́ta péré ni kò mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wọn, Máìlì 12 ni mo sì ti rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó bá ọkọ̀ àlùbọ́sà wá láti òkè ọya, bi mí bóyá oògùn ni. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn.

Mo délé, mo tú ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, mo sì sunkún. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún màámi nípa ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo tó ka ibi tí mo ti ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ọṣẹ tí wọ́n mú. Ìwé kìíní: ó ń hó dáadáa, kì í jẹ ọwọ́. Ìwé kejì: kì í jẹ ọwọ́, ó sì ń hó. Ọwọ́ ìkọ̀wé yàtọ̀ síra, ẹnì kan tilẹ̀ fi bírò pupa kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni. Mo kó bàtà sẹ́sẹ̀, mo forí lé ṣọ́ọ̀bù.

Màámi dá oníbàárà tó wà níwájú wọn lóhùn tán kí wọ́n tó kọjú sí mi. Mo bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ Kílínátà.

"Èmi ni," wọ́n fèsì. "Láti Tọ́sìdeè ni mo ti mọ̀ pé kò sí ọṣẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi ẹ́, o ní olùkọ́ ẹ ti rí i. Mo ní áà, àṣìṣe ti wọ ìwé ọmọ mi, ó sì ti pín in kiri. Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò mọ orúkọ ọṣẹ ni?"

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn àti gbogbo Ọjọ́ Ẹtì ni màámi fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n sọ fún àwọn tí mo fún níwèé pé ọṣẹ tuntun ni, ó dára, kò tíì pọ̀ nílùú ni, kí wọ́n ṣáà ní àwọn mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n mú un wá kí òun rí i. Tí màámi bá ti ní ó ń hó, ó ń hó nìyẹn.

Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, pańpẹ́ ni.

"Ta lo dẹ ẹ́ fún?"

"Ẹni tó bá ń purọ́, mà."

Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Ó ti mú mi."

Wọn ò bínú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mi ò mọ ibi tí màá kojú sí.

Ní Ọjọ́ Ajé mo ro gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ mi. Ó dá ẹ̀pà jíjẹ dúró, ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bi mí ní iye ọjọ́ tí ìyá mi fi ṣe é. Mo ní ọjọ́ méjì. Ó bi mí bóyá wọ́n lo rédíò. Mo ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ó wá ní èyí kò sí lára àkòrí mi, kí n lọ síbi tí wọn ò ti mọ ìyá mi. Ọ̀jọ́ta àti Ògùdù ni mo gbà lọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú oòrùn. Níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó mọ Kílínátà. Mo yege.

Nínú iṣẹ́ náà, mo kọ ọ́ pé mo pa àwọn ìwé àkọ́kọ́ tì nítorí pé àwọn tó dáhùn wọn kì í ṣe ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Òyìnbó tó dán gbinrin ni mo fi kọ ọ́. Ìwé màámi ló wà lókè pátápátá nínú èyí tí mo pa tì. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé di iṣẹ́ náà pọ̀ di ìwé tán, màámi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí káńtà kí gbogbo oníbàárà lè rí i. Ojú ń tì mí ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó ṣí i.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra Kílínátà. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé ó dára, ó sì ti wá ń wù wọ́n. Màámi á ní ó ti tán. Mo ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún wọn, kí wọ́n sinmi. Wọ́n bi mí pé ṣé kí àwọn wá sọ fún àwọn tó tẹ́wọ́ gba ìwé ọmọ àwọn pé ńṣe ni ọmọ náà ń ṣọ́ ẹni tó máa purọ́. Mi ò sọ ọ́ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀, mo jókòó sórí páálí nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Aunty aránṣọ wọlé. Léèsì funfun kan ti dọ̀tí mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní Kílínátà nìkan ló lè gba àwọn. Màámi dìde, wọ́n wo orí pẹpẹ, wọ́n gbé páálí kan kúrò, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.

"Ó ti tán. Wọn ò kó o wá mọ́."

Aunty kọjú sí mi. "Ìwọ tó o kàwé, ṣé ìwọ náà mọ ọṣẹ yẹn?"

Màámi ò wò mí. Páálí náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà," mo dáhùn. "Ó ń hó dáadáa."

Màámi dá páálí náà padà sáyè rẹ̀. "Kì í jẹ ọwọ́," ni wọ́n wí.