Ọba Inú Kátúnnù àti Ewé Ìyè

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láìsunkún.

Mo rántí ìgbà tí bàbá wa mú mi ti Àbíjàn bọ̀ wá sí Èjìgbò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Àbúrò mi obìnrin ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà láti kékeré, nítorí fòníkú-fọ̀ladìde ni, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ń dà á láàmú. Fídíò kan wà nínú ẹrù wa, àti kásẹ́ẹ̀tì kátúnnù kan tí àwọn ará Jàpáánù ṣe, tí wọ́n ń sọ Faransé nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa ti padà sí Àbíjàn, èmi nìkan ni mo gbọ́ Faransé nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará ilé kún pálọ̀, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo na ọrùn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí ògbufọ̀ oníwàásù àlejò.

Ọba ìgbàanì kan ni ìtàn náà dá lé, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Ó wọ ọkọ̀ irin tó ń fò, ó ń ti ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá bàbá arúgbó kan tí ìkún omi kò pa, kí ó lè bi í léèrè ohun tí ènìyàn lè ṣe sí ikú. Ìyá àgbà ní irú ọkọ̀ yẹn ni ì bá máa kó ẹ̀gẹ́ òun wá láti oko ní ìlú Ara. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi àbúrò mi. Ó bi mí bóyá ọba yóò rí oògùn ikú. Mo ní yóò rí i, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò tíì wo fíìmù náà rí.

Ọba rí ewé ìyè lóòótọ́, nísàlẹ̀ omi. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wẹ̀ lójú ọ̀nà, ejò gbé ewé náà mì. Ọba jókòó, ó ń sunkún. Mo wo ojú àbúrò mi, mo sì sọ fún wọn pé ayédèrú ni ejò gbé, ojúlówó wà nínú ọkọ̀, ọba sì ti gbé e délé. Mo pa fídíò. Mo ní ó ti parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti ń fi òrí pa àbúrò mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Àǹtí mi, ẹni tí nǹkan rẹ̀ kò sọnù kì í sunkún báyẹn. Nígbà tí ọba délé lọ́wọ́ òfo, kí ló wí?”

Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mo ti ti kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́ àpótí. Kí ọyẹ́ tó dé, Ọlọ́run pè é.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, olùkọ́ wa ń sọ̀rọ̀ nípa Úrì tí Ábúráhámù ti jáde wá. Ó ní àwọn ará ilẹ̀ náà ti kọ ìtàn ọba kan tí ejò gba ewé ìyè lọ́wọ́ rẹ̀ sára wàláà amọ̀. Mo mọ̀ pé ọba inú kásẹ́ẹ̀tì wa ni. Nígbà ìsinmi, mo lọ sílé, mo ṣí àpótí. Ohun tó kù lẹ́yìn ibi tí mo ti pa fídíò kò pọ̀. Ọba gúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí odi ìlú tó ń tàn láàrin ìràwọ̀, ó sì wí fún atukọ̀ rẹ̀ pé: “Ọwọ́ mi ṣófo, ṣùgbọ́n mo ti dé ilé.”

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi bèèrè nìyẹn. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni, àṣé èmi ni ẹ̀rù ikú rẹ̀ ń bà. Ìyá àgbà máa ń sọ pé arìnrìn-àjò là á júwe ọ̀nà fún. Mo mọ̀ pé Jésù ti júwe ọ̀nà náà fún àbúrò mi, síbẹ̀ èmi ni ó bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, Ọlọ́run yóò fi ẹni tó lè bá yín sọ òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, yóò sì mú gbogbo wa gúnlẹ̀ sí èbúté ire.