Imú Atọ́bẹ̀wò

Nílé-iṣẹ́ ọṣẹ tí bàbá mi ti ń ṣe akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Atọ́bẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ níbẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Bàbá mi fẹ́ràn oúnjẹ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó lè jókòó sí pálọ̀, kó sọ fún ìyá mi nínú ilé ìdáná pé àlùbọ́sà ti fẹ́ pọ́n kọjá ibi tó yẹ, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, ó máa ń kó wa lọ jẹun níta. Kì í ṣe fàájì. Iṣẹ́ ni. Tábìlì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná la máa ń jókòó sí, kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn alásè, nítorí ó gbà pé ibi tí alásè bá ti ń bá ara wọn jà, iyọ̀ máa ń pọ̀ jù. Yóò fi ṣíbí bu ọbẹ̀, yóò gbé e sábẹ́ imú, yóò di ojú. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá yóò dúró tì í bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí èsì ìdánwò.

"Ẹja yìí," ni yóò wí, "ata lẹ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹja tí ẹ bá sè báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló kú."

Ó ní èrò kan lórí jíjẹun níta àti sísè nílé, tí mo ti gbọ́ débi pé mo lè kà á lójú oorun. Ó ní oúnjẹ ìta, ọgbọ́n ni ènìyàn ń jẹ níbẹ̀. Oúnjẹ ilé, sùúrù ni. Ẹni tó bá ń jẹ ọ̀kan láìjẹ ìkejì, kò mọ oúnjẹ. Ìyá mi máa ń dá a lóhùn láti ibi tó ti ń fọ abọ́: "Sùúrù tí ẹ ń jẹ yẹn, ó ti ń jóná nísàlẹ̀ o."

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìyá mi ti ń se oúnjẹ fún un, kò sì tíì gba "ó dùn" kan tí kò ní "àmọ́" nídìí. Ó dùn, àmọ́ iyọ̀ ti tètè wọlé jù. Ó dùn, àmọ́ ẹran yìí ì bá tún dúró lórí iná díẹ̀. Olùkọ́ ni ìyá mi. Láti àárọ̀ di aago mẹ́ta ni ó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì, lẹ́yìn náà yóò wá sílé wá gba máàkì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó. N kò gbàgbé ọ̀kan nínú àwọn "àmọ́" náà.

Níbi iṣẹ́ bàbá mi, wọ́n so ìwé kan mọ́ ògiri kántíìnì, lẹ́bàá fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló lè kọ èrò rẹ̀ nípa oúnjẹ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ti bàbá mi nìkan ni máníjà ń kà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, obìnrin tó ti ń sè fún wọn láti ọdún mẹ́rìnlá, Ìyá Alásè, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo àkọ́kọ́ wá síwájú Atọ́bẹ̀wò, á sì dúró. Bàbá mi á tọ́ ọ wò, á kọ ìlà kan. Mo ti rí ìwé náà. "Ìrẹsì ti òní ní ìwà." "Ọbẹ̀ yìí mọ ara rẹ̀." Òun nìkan ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n inú Ìyá Alásè á dùn títí di ọjọ́ Ajé.

Lásìkò òjò tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú bàbá mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí àìsàn náà lọ tán, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀ ní kántíìnì. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ó kọ pé: "Ọbẹ̀ yìí kò ta sánsán." Ní ọjọ́ Ẹtì kejì: "Kò ní òórùn rárá. Ó dà bí omi tí wọ́n kùn ní pupa." Ní ọjọ́ Ẹtì kẹta: "Ọwọ́ alásè yìí ti kú."

Máníjà ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pe Ìyá Alásè, ó ní kó ṣe tán láti máa lọ nígbà tí oṣù bá parí. Àwọn kan tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé oúnjẹ kiri ilé-iṣẹ́ ni yóò gba ipò rẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa nílé, ilẹ̀ ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Láti ìgbà náà, kò kọ nǹkan kan sínú ìwé mọ́. Mo rò pé àánú ló ń ṣe é.

Ní àkókò kan náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ṣẹlẹ̀ nílé wa. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọbẹ̀ ìyá mi. Kò sí "àmọ́" kankan nídìí rẹ̀. "Mọ́mì, èyí dùn. Ó ń ta sánsán." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìyá mi ń wò ó bí ẹni tó jẹ̀bi tó fẹ́ tọrọ àforíjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbà á gbọ́. Ó ra ìkòkò tuntun. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé, "Ọkùnrin yìí ti gbà fún mi." Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, ìyá mi lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, èmi náà ti jáde lọ sí ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n pè mí sí nípa iṣẹ́. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì, oṣù mọ́kànlá ni mo sì ti ń wá iṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo padà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn kan sì gbá mi lójú. Nǹkan ti kú nínú ilé wa.

Bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè.

"O ti dé? Káàbọ̀. Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn á pè mí."

"Wọ́n á pè ọ́. Lọ bu oúnjẹ. Ṣé o ń gbọ́ bí ọbẹ̀ yìí ṣe ń ta sánsán?"

Mo wò ó bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Mo tẹ̀lé òórùn náà bí ajá, títí mo fi dé abẹ́ àga tó jókòó lé. Ọ̀rá dúdú kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì kékeré kan. Mo fi ìka méjì gbé e, mo gbé e lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, mo tú u. Ẹja ni. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ìdin ti dé.

Bàbá mi wò ó. Mo rí bó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ. Ó kọ́kọ́ rí ẹja. Ó wá rí ìdin. Lẹ́yìn náà ló tó rántí pé ó yẹ kí òun bo imú, ó sì bò ó. Ó ti pẹ́ jù.

"Ọjọ́bọ̀ ni mo rà á," ló wí. "Mo fẹ́ sè é dè yín. Mo gbàgbé."

"Ọjọ́ mẹ́ta ló ti wà lábẹ́ ìdí yín, Dádì. Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Dádì."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn. Mo ṣì mọ iyọ̀. Mo mọ ṣúgà. Ata ń ta mí lẹ́nu. Ìyókù ti lọ. Bí ẹni ń jẹ páálí ni."

N kò bínú sí àìsàn. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo fa àga kan, mo jókòó níwájú rẹ̀, ẹja wà láàárín wa.

"Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ọbẹ̀ lẹ rò pé kò dára?"

"Mo búra, ọbẹ̀ ni mo rò pé kò dára."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ọkàn mi ti ń ṣe méjì."

"Ọjọ́ wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọbẹ̀ Mọ́mì?"

Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Èmi mọ ọjọ́ náà, nítorí ṣíbí tó já bọ́. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ Ẹtì kẹta. Ọbẹ̀ ilé náà ti di páálí lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ń yìn ín kí a má baà mọ̀.

"Ẹ ti mọ̀ pé imú yín ni," mo wí, "ẹ wá kọ ọ́ pé ọwọ́ obìnrin yẹn ti kú."

"Mo ti kọ méjì sílẹ̀. Kí ni kí n wá kọ ní ìkẹta?" Ó ń fi èékánná ha etí tábìlì. "Ṣé o mọ ohun tí mo jẹ́ níbẹ̀? Páálí ọṣẹ ni mò ń kà. Bí mo bá la ẹnu wí pé imú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, Atọ́bẹ̀wò ti kú nìyẹn. Ta ló kù?"

"Ìyá Alásè ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù fún un."

"Á rí iṣẹ́ mìíràn."

Mo wò ó títí tó fi gbé ojú kúrò lára mi.

Ìyá mi dé ní ìrọ̀lẹ́. N kò jẹ́ kó bọ́ bàtà tán tí mo fi sọ ohun gbogbo. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Èyí tí mo fi ìkòkò tuntun sè ńkọ́?" ló bi bàbá mi.

"Mi ò mọ bó ṣe rí, Mọ́mì."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé báàgì náà sílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí ló lò. "Èmi tí ẹ fi irọ́ yìn, ẹjọ́ tèmi ò kánjú. Ẹni tí ẹ fi irọ́ bú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́. Lọ́la, kí ẹ tó mu tíì, ẹ lọ sọ ọ́. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á lọ. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìkòkò tuntun yẹn náà, láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa fọ̀ ọ́."

Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ Ajé, nítorí n kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tò síwájú fèrèsé kántíìnì. Máníjà wà níbẹ̀, fáìlì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Bàbá mi sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, mo gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọbẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Imú mi ni ò gbóòórùn mọ́. Mo sì ti mọ̀ kí n tó kọ èyí tó kẹ́yìn."

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Atọ́bẹ̀wò, àánú obìnrin yìí ló ń ṣe yín. Kí ẹ wá tìtorí àánú purọ́ mọ́ imú ara yín?"

Jórinjórin kan nínú àwọn tó tò fi kún un: "Imú tó mọ̀ pé ẹran kú níjẹta, ìgbà wo ló kú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gba irọ́ rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò fẹ́ gba òótọ́ rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Alásè ti ń gbọ́ láti inú. Ó jáde, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ jókòó, Ọ̀gá Atọ́bẹ̀wò. Ẹ di ojú."

Ó wọlé, ó gbé abọ́ kan tó ní ọmọrí jáde. Ó gbé e sábẹ́ imú bàbá mi, ó ṣí i. Jórinjórin fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Máníjà gbé fáìlì bo imú. Bàbá mi fa èémí wọnú, ó fà á pẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nílé oúnjẹ, ojú rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó gbé òdòdó sábẹ́ imú. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn ṣe eré.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, "a ti gbà."

Bàbá mi la ojú. "Kí ni?"

"Omi àkísà ilẹ̀ ni, Ọ̀gá, láti ọjọ́ Ẹtì. Èyí tí ẹ ní ó dà bí omi tí wọ́n kùn ní pupa, ọbẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi ń mì lórí tábìlì. Bàbá mi jókòó sáàárín ẹ̀rín náà, kò sá. Máníjà sọ fún Ìyá Alásè pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìparí oṣù, pé iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ. Máníjà kò bẹ̀ ẹ́. Òun náà kò dúpẹ́. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ bu oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa.

Wọ́n ṣì ń pè é ní Atọ́bẹ̀wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pè é báyìí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó sọ fún wa nílé ìdáná, bó ti ń fọ ìkòkò tuntun, pé Ìyá Alásè kò gbé àwo àkọ́kọ́ wá fún òun. Òun tò bí àwọn yòókù. Ìgbà tí òun jókòó ló tó já ìwé kúrò lára ògiri, ó gbé e síwájú òun pẹ̀lú bírò, ó ní, "Èyí tí ẹ bá mọ̀ ni kí ẹ kọ."

"Kí lẹ kọ?" ìyá mi bi í.

"Mo kọ pé: Ó gbóná. Iyọ̀ rẹ̀ pé. Ìyókù, mi ò mọ̀."

"Kí ló wá wí?"

"Ó kà á. Ó so ìwé rẹ̀ padà."

Ìlà náà dára. Ọjọ́ Ẹtì kẹta ló yẹ kó ti kọ ọ́.

Ìyá mi ṣí ọbẹ̀ tó wà lórí iná, ó fi ṣíbí bù ú, ó gbé e sábẹ́ imú ara rẹ̀, ó di ojú. Bàbá mi dá ọwọ́ dúró nínú ọṣẹ.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn."

Bàbá mi yọ ọwọ́ jáde, omi ń kán láti ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé kò sí àmọ́?"

"Kò sí," ni ìyá mi wí, ó sì de ìkòkò.